Ṣé ìdùnnú ni ire tó ga jù lọ fún ọmọ ènìyàn? Ìbéèrè àti ìdáhùn

Ó ti lé ní 2,300 ọdún tí àwọn amòye ti ń jiyàn lórí ọ̀rọ̀ yìí, iná rẹ̀ kò sì tíì kú. Òun ló wà nídìí rẹ̀ nígbà tí a bá ń rò ó bóyá kí a fi iṣẹ́ kan sílẹ̀, bóyá kí a kó lọ sí òkè òkun, irú ọmọ tí a fẹ́ tọ́, àti ohun tó yẹ kí ìjọba máa lé. Àwọn ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi wá jù la kó jọ síbí. A kò ní fi ibi tí àwa dúró sí bò: inú dídùn dára púpọ̀, ṣùgbọ́n òun kọ́ ló ga jù. Ayé tí èèyàn gbé dáadáa ló ga jù, ayé bẹ́ẹ̀ kò sì ṣe é gbé láìsí ìwà.

Kí ni à ń pè ní "ire tó ga jù lọ" gan-an?

Ẹ mú ohun kan tí ẹ ṣe lónìí, kí ẹ bi ara yín pé nítorí kí ni. Ẹ jí ní aago márùn-ún ìdájí. Nítorí kí ni? Kí ẹ lè tètè débi iṣẹ́. Iṣẹ́ ńkọ́? Nítorí owó oṣù. Owó oṣù ńkọ́? Kí ẹ lè san owó ilé, kí ọmọ lè lọ sí ilé-ìwé. Bí ẹ bá ń bá a lọ báyìí, ẹ ó dé ibì kan tí "nítorí" máa tán lẹ́nu yín. Ohun tó bá wà níbẹ̀ ni Aristotle, amòye ilẹ̀ Gíríìsì tí wọ́n bí ní ọdún 384 ṣáájú ìbí Jésù, ń pè ní ire tó ga jù lọ: ohun tí à ń torí rẹ̀ wá gbogbo nǹkan yòókù, tí a kì í torí nǹkan mìíràn wá òun.

Ìdánwò mẹ́ta ló wà fún un. Èkíní, ṣé a máa ń fẹ́ nǹkan náà nítorí ara rẹ̀? Èkejì, ṣé kò sí ohun mìíràn tí a tún ń torí rẹ̀ fẹ́ ẹ? Ẹ̀kẹta, bí èèyàn bá ní òun nìkan, ṣé ayé rẹ̀ pé, àbí ó ṣì ku ohun tí a lè fi kún un tí yóò mú un sàn sí i? Owó kò kọjá ìdánwò àkọ́kọ́, torí ohun tí a fẹ́ fi ṣe la ṣe ń wá a. Ọlá yege ní èkíní, ó já ní èkejì, ó sì tún ní àbùkù mìíràn: ọwọ́ àwọn tó ń yẹ́ni sí ló wà, ọjọ́ tí wọ́n bá ní àwọn ò yẹ́ni sí mọ́, ó tán. Ìlera náà já ní ẹ̀kẹta. Ẹni tí ara rẹ̀ le koko, tí kò lọ́rẹ̀ẹ́, tí kò lóhun tó ń ṣe, ó mọ̀ pé ó ku nǹkan.

Ṣé bí inú ṣe ń dùn ni Aristotle ní lọ́kàn?

Rárá, ibẹ̀ ni àṣìṣe sì pọ̀ sí jù. Ẹni tó bá ka apá kìíní nínú ìwé rẹ̀ lórí ìwà, èyí tó pín sí apá 10, á rí i pé bí ara ṣe rí lára èèyàn lọ́sàn-án òní kọ́ ló ká a lára. Ìgbé ayé lódindi ló ń wá. Ó ní gbogbo ayé ló gbà pé ìgbé ayé rere ló ga jù. Ibi tí ẹnu kò ti kò ni ohun tó ń jẹ́ ìgbé ayé rere. Àwọn kan ní fàájì ni, àwọn kan ní ọlá ni, àwọn kan ní ìmọ̀ ni.

Ọ̀nà tó gbà yanjú rẹ̀ nìyí. Kí la fi ń mọ afunfèrè tó dáńtọ́? Bó ṣe ń fun fèrè ni. Káfíńtà ńkọ́? Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni. Ojú tó dára ni èyí tó ń ríran dáadáa. Ǹjẹ́ ọmọ ènìyàn fúnra rẹ̀ ní iṣẹ́ kan tó jẹ́ tirẹ̀ nìkan? Kì í ṣe kí ó máa dàgbà, torí igi náà ń dàgbà. Kì í ṣe kí ó máa ríran, kí ó máa gbóòórùn, torí ẹṣin àti màlúù náà ń ṣe é. Ohun tó kù ni kí ó máa fi làákàyè darí ara rẹ̀. Ire ènìyàn, nígbà náà, ni kí ó máa ṣe iṣẹ́ yìí dáadáa, pẹ̀lú ìwà tó pegedé, jálẹ̀ ọjọ́ ayé rẹ̀. Jálẹ̀ ọjọ́ ayé rẹ̀ yìí ṣe kókó. Ó ní alápàáǹdẹ̀dẹ̀ kan ṣoṣo tó fò kọjá kò sọ pé ìgbà ti yí padà. Bẹ́ẹ̀ ni ọjọ́ kan tí inú wa dùn kò sọ wá di ẹni tí ayé rẹ̀ dára.

Ẹ kíyè sí i pé ohun tí à ń ṣe ló ń sọ, kì í ṣe ohun tó ń ṣe wá. Ẹni tó níwà rere tó wá fi gbogbo ayé rẹ̀ sùn kò tíì gbé ayé rere. Ìgbádùn ní àyè tirẹ̀ nínú ẹ̀kọ́ yìí, àyè ńlá sì ni: ó máa ń bá iṣẹ́ tí a ṣe dáadáa wá, ó sì ń mú kí iṣẹ́ náà pé. Ẹni tí inú rẹ̀ kì í dùn sí òdodo kò tíì di olódodo, ńṣe ló kàn ń fipá mú ara rẹ̀.

Báwo ni èèyàn ṣe ń ní irú ìwà bẹ́ẹ̀?

Nípa ṣíṣe é ni. Ilé kíkọ́ ló ń sọni di kọ́lékọ́lé. Ìdájọ́ òdodo léraléra ló ń sọni di olódodo. Aristotle kò gbà pé a bí ìwà mọ́ ẹnikẹ́ni, kò sì gbà pé ìwé kíkà nìkan ń fúnni.

Ohun tí a ó máa fi kọ́ra ni ìwọ̀ntúnwọ̀nsì láàárín àṣejù àti àìtó. Ìgboyà wà láàárín ojo àti ìkùgbù. Ìlawọ́ wà láàárín ahun àti àpà. Ṣùgbọ́n àárín yìí kì í ṣe ti ìṣirò. Bí oúnjẹ ìwọ̀n 10 bá pọ̀ jù, tí ìwọ̀n 2 sì kéré jù, olùkọ́ eré ìjàkadì kò kàn ní bu ìwọ̀n 6 fún gbogbo ènìyàn: ó kéré jù fún Milo, akọni ajàkadì ayé àtijọ́, ó sì pọ̀ jù fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Níbí ni ọ̀pọ̀ ti ń kùnà. Wọ́n á gbọ́ ìwọ̀ntúnwọ̀nsì, wọ́n á rò pé kí èèyàn máa ṣe ohun gbogbo ní ìdajì ni. Ìbínú díẹ̀ sí ìwà ìkà ńlá kì í ṣe ìwọ̀ntúnwọ̀nsì, àìtó ni.

Bí ìyà bá wá ń jẹ olóòótọ́ ńkọ́?

Ìbéèrè tó le jù nìyí fún ẹnikẹ́ni tó bá ní ìwà nìkan ti tó. Aristotle gbà pé ìwà ló ṣe pàtàkì jù, ṣùgbọ́n ó ní èèyàn tún nílò ọ̀rẹ́, owó díẹ̀, ìlera, ọmọ rere. Ó tọ́ka sí Priam, ọba Troy, tó gbé ayé ọlá títí ó fi darúgbó, tí ogun wá kó ìlú rẹ̀ tí àwọn ọmọ rẹ̀ sì kú lójú rẹ̀. Kò sẹ́ni tó máa pe ìgbẹ̀yìn bẹ́ẹ̀ ní ìgbẹ̀yìn rere.

Ọ̀rọ̀ náà ti wà ṣáájú rẹ̀. Herodotus, òpìtàn, sọ bí Croesus, ọba Lydia tí ọrọ̀ rẹ̀ kò lóǹkà, ṣe bi Solon ará Áténì pé ta ló ṣoríire jù láyé, tó ń retí kí ó dárúkọ òun. Tellus, ará ìlú lásán tó bí ọmọ rere tó sì kú nígbà tó ń gbèjà ìlú rẹ̀, ni Solon dárúkọ. Ó ní kí a má tíì pe ẹnikẹ́ni ní olóríire títí a ó fi rí òpin rẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó ti ṣe àmín sí àdúrà pé kí alẹ́ sàn ju òwúrọ̀ lọ ti mọ ohun tí Solon ń wí.

Àwọn amòye tí à ń pè ní Stoic kò gbà. Zeno ará Citium, tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ wọn ní Áténì ní nǹkan bí ọdún 300 ṣáájú ìbí Jésù, ní ìwà rere nìkan ni ire, owó àti ìlera kàn wuni ni, a lè ṣe aláìní wọn. Lójú tiwa, Aristotle ló sún mọ́ òtítọ́ jù. Ẹ̀kọ́ Stoic ń fúnni lókun lọ́jọ́ ìṣòro, ṣùgbọ́n ẹni tó bá sọ fún ìyá tó ṣòfò ọmọ pé kò pàdánù ire kankan ti ṣẹ̀.

Ǹjẹ́ ẹ̀kọ́ Aristotle fúnra rẹ̀ kò ní àbùkù?

Ó ní. Ó gbà pé àwọn kan wà tí a bí láti jẹ́ ẹrú, ó sì yọ àwọn obìnrin kúrò nínú àṣẹ. Ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀gbẹ́ kan. Bí ire bá jẹ́ fífi làákàyè gbé ayé, tí a wá ní àwọn kan kò ní làákàyè tó péye, a ti ti ilẹ̀kùn ire mọ́ wọn lójú. Ohun tó yẹ ní ṣíṣe ni kí a gba ìbéèrè rẹ̀ àti ìdánwò rẹ̀, kí a sì kọ ìkà yẹn.

Bí inú mi bá ṣáà ti ń dùn, kí ló tún kù?

Ní ọdún 1974, Robert Nozick, amòye ará Amẹ́ríkà, gbé ìbéèrè kan kalẹ̀. Ká ní ẹ̀rọ kan wà tí wọ́n lè so mọ́ ọpọlọ yín. Ẹ ó máa rò pé ẹ̀ ń kọ ìwé ńlá, pé ẹ ní ọ̀rẹ́, pé àwọn ọmọ yín fẹ́ràn yín. Gbogbo ìgbádùn rẹ̀ á máa wọ̀ yín lára, ẹ kò sì ní mọ̀ pé inú ẹ̀rọ lẹ wà. Ṣé ẹ ó wọ inú rẹ̀ kí ẹ má jáde mọ́?

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ní rárá. Bí inú dídùn nìkan bá ni ire, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni kọ̀. Kíkọ̀ wọn fi hàn pé a fẹ́ kí ọmọ fẹ́ràn wa ní tòótọ́, kì í ṣe kí a kàn rò pé ó fẹ́ràn wa. Àwọn kan ń dá a lóhùn pé ẹ̀rù ohun àjèjì ló ń bani, pé ẹni tó bá ti wà nínú ẹ̀rọ tẹ́lẹ̀ lè má fẹ́ jáde. Òdodo wà nínú àtakò yẹn, ó sì yẹ kó mú wa ṣọ́ra: ìdánwò yìí fi hàn pé a fẹ́ ju ìmọ̀lára lọ, kò tíì fi hàn pé ohun tí a fẹ́ ló dára jù.

Ṣé kì í ṣe Epicurus ló ní kí a máa jayé?

Orúkọ amòye Gíríìsì yìí ni wọ́n fi ń ta fàájì, ṣùgbọ́n búrẹ́dì àti omi ni oúnjẹ rẹ̀. Ó ra ọgbà kan ní Áténì ní nǹkan bí ọdún 306 ṣáájú ìbí Jésù, ó ń kọ́ni níbẹ̀, ó sì gba obìnrin àti ẹrú wọlé. Lóòótọ́ ló ní ìgbádùn ni ire tó ga jù, àmọ́ ìgbádùn tirẹ̀ ni kí ara má roni, kí ọkàn má dààmú.

Ohun tí èèyàn lè mú lò nínú ẹ̀kọ́ rẹ̀ ni bó ṣe pín ìfẹ́-ọkàn sí mẹ́ta. Àwọn kan jẹ́ ti àdánidá tí a kò lè ṣe aláìní: oúnjẹ, omi, aṣọ, ọ̀rẹ́. Àwọn kan jẹ́ ti àdánidá tí a lè ṣe aláìní: ọbẹ̀ olówó ńlá dípò ọbẹ̀ lásán. Ìkẹta jẹ́ asán: òkìkí, agbára, ọrọ̀ tí kò lópin. Àmì tí a fi ń mọ ti asán ni pé kò níbi tí ó ti tó. Ebi máa ń tán bí a bá yó, ṣùgbọ́n ẹni tí òkìkí ń pa kì í yó. Ibi tó kù sí ni pé ó gba àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ níyànjú kí wọ́n yẹra fún ìṣèlú nítorí ìbàlẹ̀ ọkàn. Bí gbogbo ènìyàn bá ṣe bẹ́ẹ̀, ta ni yóò tún ìlú ṣe?

Ṣé a lè fi ìṣirò wọn ìdùnnú?

Jeremy Bentham, ará Ìlú Ọba, gbìyànjú rẹ̀ nínú ìwé tó gbé jáde ní ọdún 1789. Lójú rẹ̀, ìwà tó tọ́ ni èyí tó mú ìdùnnú tó pọ̀ jù wá, ohun méje ló sì ní kí a fi wọ̀n ọ́n: bó ṣe lágbára tó, bó ṣe máa pẹ́ tó, bó ṣe dájú tó, bó ṣe sún mọ́ tó, bóyá yóò bí ìdùnnú mìíràn, bóyá ìrora yóò tẹ̀ lé e, àti iye ènìyàn tó máa kàn.

Ẹ jẹ́ ká fi wọ̀n ọ́n. Nọ́ọ̀sì kan ní Ìbàdàn ń rò ó bóyá kí òun lọ ṣiṣẹ́ ní London. Owó tó pọ̀ sí i: ó lágbára, ó sì lè pẹ́. Ìdánilójú: ó kù sọ́wọ́ ìwé àṣẹ ìwọ̀lú àti ìdánwò iṣẹ́. Ìsúnmọ́: kì í ṣe kíákíá, torí ó ní láti kọ́kọ́ náwó. Ìbísí: ó lè san owó ilé-ìwé àwọn àbúrò, ìyẹn ìdùnnú tó ń bí ìdùnnú. Ìrora tó máa tẹ̀ lé e: òtútù, ìdánìkanwà, ìyá tó ń darúgbó nílé láìsí òun. Iye ènìyàn: òun, ọkọ, ọmọ, òbí, àti àwọn aláìsàn tó fi sílẹ̀ nílé ìwòsàn tí nọ́ọ̀sì kò tó.

Àǹfààní ìwọ̀n yìí ni pé ó ń rán wa létí ohun tí a máa ń gbàgbé, pàápàá ìkẹfà àti ìkeje. Ìṣòro rẹ̀ pọ̀. Kò sí òṣùwọ̀n tí a lè fi ka ìdánìkanwà mọ́ owó. A kì í mọ bí nǹkan yóò ṣe rí lára wa lọ́la dáadáa. Èyí tó burú jù ni pé àròpọ̀ lè gbé ẹnì kan mì: bí ìyà aláìṣẹ̀ kan bá mú inú ẹgbẹẹgbẹ̀rún dùn, ìṣirò náà lè ní ó dára. Ìdí nìyẹn tí a fi ń sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pé kí wọ́n lo ìwọ̀n Bentham láti fi rí ohun tó wà nílẹ̀, kí wọ́n má fi ṣe adájọ́.

Wọ́n ní bí a bá ń lé ìdùnnú, ńṣe ló ń sá. Ṣé òótọ́ ni?

Dé ìwọ̀n kan, bẹ́ẹ̀ ni. John Stuart Mill, tí bàbá rẹ̀ fi ẹ̀kọ́ Bentham tọ́, tó ti bẹ̀rẹ̀ èdè Gíríìkì láti ọmọ ọdún 3, bi ara rẹ̀ ní ọdún 1826, nígbà tó jẹ́ ẹni 20 ọdún, pé bí gbogbo àtúnṣe tí òun ń jà fún bá ṣẹ lónìí, ṣé inú òun á dùn? Ọkàn rẹ̀ dáhùn pé rárá. Ìbànújẹ́ ńlá bá a fún ọ̀pọ̀ oṣù. Ẹ̀kọ́ tó jáde nínú rẹ̀ ni pé àwọn tí inú wọn ń dùn ni àwọn tó gbájú mọ́ nǹkan mìíràn: ire ẹlòmíràn, iṣẹ́ ọnà, iṣẹ́ kan tó wù wọ́n. Ìdùnnú á bá wọn lójú ọ̀nà.

Ní ọdún 2011, Iris Mauss àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí kan jáde. Wọ́n mú kí àwọn kan ka ìdùnnú sí pàtàkì gan-an, lẹ́yìn náà wọ́n fi fíìmù tó ń dùn mọ́ni hàn wọ́n. Inú wọn kò dùn tó ti àwọn tí wọn kò mú kí wọ́n ka ìdùnnú sí pàtàkì bẹ́ẹ̀. Ìdí ni pé ẹni tó ń lé ìdùnnú á máa yẹ ara rẹ̀ wò, á sì máa bínú pé kò tíì tó. Ohun tí èyí kò sọ ni pé kí a má bìkítà fún ìdùnnú wa rárá. Ṣíṣètò ọjọ́ kí èèyàn lè rí ọ̀rẹ́ rẹ̀ yàtọ̀ sí jíjókòó kí ó máa wọn inú rẹ̀.

Kí ni Kant sọ tó yàtọ̀?

Immanuel Kant, ará Jámánì, kọ ọ́ ní ọdún 1785 pé ohun kan ṣoṣo tó dára láìku síbì kan ni ọkàn tó fẹ́ ṣe ohun tó tọ́. Ó ní a kò tilẹ̀ lè sọ pàtó ohun tó máa fún wa ní ìdùnnú. Ṣé ọrọ̀ ni? Ó lè mú ìlara àti àníyàn wá. Ṣé ẹ̀mí gígùn? Ta ló mọ̀ bóyá ìyà gígùn ni?

Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà ló la ọ̀rọ̀ náà ní ọ̀nà tó ṣàǹfààní jù: ó ya ire tó ga jù sọ́tọ̀ sí ire tó pé jù. Ìwà rere ló ga jù. Èyí tó pé jù ni kí ìwà rere ní ìdùnnú tó tọ́ sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ìwà ló ń sọni di ẹni tí ìdùnnú tọ́ sí. Ìyẹn ló fi jẹ́ pé inú wa kì í dùn bí a bá rí ìkà tó ń fò fáyọ̀. Bí ìdùnnú nìkan bá ni ire, ó yẹ kí a máa bá a yọ̀.

Kí ni àwọn baba ńlá wa, àwọn Yorùbá, rò nípa rẹ̀?

Wọ́n rò ó jinlẹ̀. Bí babaláwo bá dífá, tí ìbò sì fi hàn pé ire ni, á tún béèrè pé ire wo: ire àìkú, ire ajé, ire aya tàbí ọkọ, ire ọmọ, ire ìṣẹ́gun. Ẹ wò ó dáadáa, inú dídùn kò sí níbẹ̀ bí ire kan tó dá dúró. Ohun tí èèyàn ń mú ní ọwọ́, tó ń bá ẹlòmíràn pín, ni wọ́n kà.

Ìwà náà kò sí lára wọn, ìdí rẹ̀ sì ni pé ibòmíràn ni wọ́n gbé e sí. Ifá ní bí a bá lówó tí a kò níwà, owó olówó ni; bí a bímọ tí a kò níwà, ọmọ ọlọ́mọ ni. Ìwà ló ń jẹ́ kí ire tí a rí di tiwa. Nínú ìtàn, obìnrin ni Ìwà, aya Ọ̀rúnmìlà, tó kó jáde nílé nígbà tí ọkọ kò lè gba àléébù rẹ̀ mọ́ra, tí gbogbo nǹkan sì dojú rú lẹ́yìn rẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Wándé Abímbọ́lá ti kọ iṣẹ́ pàtàkì lórí ìwàpẹ̀lẹ́ nínú Ifá láti ọdún 1975. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ sí i, ibẹ̀ ni kí ó ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀kọ́ yìí sún mọ́ ti Aristotle ní ti pé ìwà nìkan kò kó gbogbo ire, ire ilẹ̀ ayé sì ní iye tirẹ̀. Ó yàtọ̀ sí i ní ibi pàtàkì kan. Aristotle parí ìwé rẹ̀ pẹ̀lú pé ìgbé ayé tó ga jù ni ti ẹni tó ń ronú jinlẹ̀ lórí òtítọ́. Fún Yorùbá, ọlọ́gbọ́n tí kò lẹ́nì kankan lẹ́yìn kò tíì débẹ̀. Orí sì tún wà, ìpín tí oníkálùkù yàn kó tó wá sáyé. Òun ni wọ́n fi dáhùn ìbéèrè ti Priam: wọn kò sọ pé ìyà olóòótọ́ kì í ṣe ìyà, wọ́n ní kí ó bọ orí rẹ̀, kí ó má sì jẹ́ kí ìwà bọ́ lọ́wọ́ òun.

Ṣé òótọ́ ni pé ẹni tó jẹ lọ́tìrì kì í láyọ̀ ju ẹlòmíràn lọ?

Ìwádìí ọdún 1978 kan ni wọ́n máa ń gbé kiri. Ènìyàn 22 tó jẹ lọ́tìrì ńlá ní ìpínlẹ̀ Illinois ni wọ́n fi wé ènìyàn 22 mìíràn àti 29 tí jàǹbá sọ di arọ. Àwọn ajẹlọ́tìrì kò fi bẹ́ẹ̀ láyọ̀ ju àwọn aládùúgbò wọn. Àmọ́ ohun tí àwọn tó ń tún un sọ fi ń kó bá ọ̀rọ̀ náà ni pé wọ́n ní àwọn arọ náà láyọ̀ tó àwọn yòókù. Kò rí bẹ́ẹ̀: ayọ̀ tiwọn kéré ju ti àwọn aládùúgbò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò kéré tó bí èèyàn ṣe lè rò.

Ìwádìí ńlá tó jáde ní ọdún 2020 láti Sweden rí i pé owó lọ́tìrì tó pọ̀ ń mú kí ènìyàn ní ìtẹ́lọ́rùn sí ayé rẹ̀ fún ohun tó lé ní ọdún 10, ṣùgbọ́n ipa rẹ̀ lórí bí inú ṣe ń dùn lójoojúmọ́ kéré gan-an sí ìyẹn. Ohun méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n, ẹni tó bá pa wọ́n pọ̀ á ṣìnà.

Báwo ni wọ́n ṣe ń mọ orílẹ̀-èdè tó láyọ̀ jù?

World Happiness Report, ìròyìn tó ti ń jáde láti ọdún 2012, tó ń fi Finland ṣe ìkíní láti 2018, kì í fi ìbéèrè nípa ayọ̀ to àwọn orílẹ̀-èdè sípò. Wọ́n á ní kí ènìyàn fojú inú wo àkàbà tó ní ìpele 0 sí 10. Òkè pátápátá ni ayé tó dára jù tó lè ní, ìsàlẹ̀ ni èyí tó burú jù. Ìpele wo ló dúró sí? Nǹkan bí ènìyàn 1,000 ni wọ́n ń bi lọ́dún ní orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan, wọ́n á sì pa ọdún mẹ́ta pọ̀. Nítorí náà, bí ẹnì kan bá ní ará Finland ń rẹ́rìn-ín ju ọmọ Nàìjíríà lọ, ìròyìn yẹn kọ́ ló sọ bẹ́ẹ̀ fún un.

Bhutan ló lọ jìnnà jù. Òfin ìpìlẹ̀ rẹ̀ ti ọdún 2008 ní kí ìjọba máa wá ìdùnnú gbogbo ìlú, ẹ̀ka 9 àti àmì 33 ni wọ́n sì fi ń wọ̀n ọ́n: ìlera, ẹ̀kọ́, bí a ṣe ń lo àkókò, àṣà, ìṣèjọba rere, àyíká àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tó dára ni pé kì í ṣe ìmọ̀lára nìkan ni wọ́n ń kà. Ṣùgbọ́n orílẹ̀-èdè yìí kan náà ló lé àwọn ènìyàn rẹ̀ tí orírun wọn jẹ́ Nepal jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990. Àwọn tó bára wọn ní àgọ́ ní Nepal lé ní 100,000. Ìjọba tó bá ń lé ìdùnnú, ẹ kọ́kọ́ bi í pé ìdùnnú ta ni.

Èmi onígbàgbọ́ tàbí Mùsùlùmí, ṣé ọ̀rọ̀ yìí kàn mí?

Ó kàn yín gan-an. Al-Ghazali, onímọ̀ Mùsùlùmí tó kú ní ọdún 1111, kọ odindi ìwé lórí ìdùnnú, ó sì fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ sínú mímọ Ọlọ́run. Thomas Aquinas, onímọ̀ ẹ̀sìn Kristẹni tó kú ní 1274, gba ìdánwò Aristotle, ó fi yẹ ọrọ̀, ọlá, òkìkí, agbára àti ìgbádùn ara wò lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ní gbogbo wọn já, pé rírí Ọlọ́run nìkan ló pé. Àwọn méjèèjì gbà pé ìdùnnú ló ga jù. Èyí tí ayé yìí lè fúnni ni wọn kò gbà pé ó tó.

"Ohun tí mo fẹ́ ni kí inú ọmọ mi ṣáà máa dùn." Ṣé àṣìṣe ni?

Ìfẹ́ ló ń sọ ọ́, ṣùgbọ́n bí ó bá di òfin ilé, ó máa ń ṣe ìpalára. Òbí tí kò fẹ́ kí ojú ọmọ rẹ̀ korò á bá a ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá, á bá a parọ́ fún olùkọ́. Ọmọ náà kò ní kọ́ bí a ṣe ń fara da nǹkan. Ẹ fẹ́ kí ọmọ yín mọ iṣẹ́, kí ó lọ́rẹ̀ẹ́ tòótọ́, kí ó lè sọ òtítọ́ nígbà tí òtítọ́ korò. Inú rẹ̀ á dùn lọ́pọ̀ ìgbà. Ọjọ́ tí kò bá dùn, kò ní fọ́.

Ìpinnu ńlá wà níwájú mi. Báwo ni mo ṣe lè lo gbogbo èyí?

Ẹ mú ìwé àti bírò. Ẹ má ṣe é lórí nìkan, torí ọkàn máa ń fo ibi tó le. Ẹ kọ ohun tí ẹ fẹ́ ṣe, kí ẹ máa kọ "nítorí kí ni" sábẹ́ rẹ̀ títí ìdáhùn fi tán. Ẹ wo ohun tó gbẹ̀yìn. Bí ó bá jẹ́ "kí wọ́n lè mọ̀ pé èmi náà ti dé", ọlá ni, ẹ ti mọ àbùkù rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ìmọ̀lára, bíi "kí ọkàn mi lè balẹ̀", ẹ fi ìbéèrè Nozick bi í: bí egbòogi kan bá fún yín ní ìbàlẹ̀ ọkàn yẹn láìyí ohunkóhun padà, ṣé á tó? Bí kò bá ní í tó, ohun tí ẹ ń wá gan-an wà lẹ́yìn rẹ̀, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ kọ orúkọ gbogbo ẹni tí ọ̀rọ̀ náà kàn, ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ẹ má kọ "ẹbí". Ẹni tí ẹ kò fẹ́ kọ orúkọ rẹ̀ ni ẹ ó ṣẹ̀. Ẹ bi ara yín pé irú ìwà wo ni ìgbésẹ̀ yìí yóò máa kọ́ yín lójoojúmọ́ fún ọdún márùn-ún. Ẹ fi í sílẹ̀ títí di ọjọ́ kejì kí ẹ tó tún un kà. Ìpinnu tí a ṣe pẹ̀lú ìbínú tàbí ayọ̀ àyọ̀jù máa ń rí bí òtítọ́ lálẹ́ ọjọ́ tí a ṣe é.

Inú mi kì í dùn mọ́ rárá. Ṣé ìwà mi ni kò dára?

Rárá o. Ẹ má ka ohun tí a kọ sókè yìí bí ẹ̀sùn. Bí ó bá ti tó ọ̀sẹ̀ méjì tí inú yín ti bàjẹ́ ní gbogbo ọjọ́, tí ohun tó máa ń wù yín kò wù yín mọ́, tí oorun tàbí oúnjẹ ti dàrú, àìsàn lè wà níbẹ̀, àìsàn tó ní ìtọ́jú sì ni. Ẹ lọ rí dókítà. Bí èrò àtipa ara ẹni bá ti ń wọlé, ẹ sọ fún ẹnì kan lónìí, kí ẹni náà má fi yín sílẹ̀ ní ẹ̀yin nìkan títí ẹ ó fi dé ilé ìwòsàn. Ẹ jẹ́ kí ara yá ná. Ìbéèrè lórí ire tó ga jù á dúró dè yín.